Ọjọ́ Dídé àti Ọjọ́ Lílọ: Àtọ́nà fún Àlejò Odo-Ape

Àlejò tí wọ́n pè sí Odo-Ape, nílẹ̀ Bùnú, kì í san owó ibùsùn. Kì í san owó iyán, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ka iye omi tó fi wẹ̀ sí i lọ́rùn. Ẹni tó pè é ti gba gbogbo rẹ̀ sọ́rùn kí ó tó lanu pè é. Tí àlejò bá ti wọlé tán, tó sùn, tó jí, àwọn ọjọ́ tó kù a máa rọrùn. Ibi tí wàhálà ti ń wọlé ni ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ ìkẹyìn. Lọ́jọ́ méjèèjì yìí, ẹsẹ̀ àlejò kan wà lójú títì, èkejì wà ní ìloro ilé. Ilé rò pé ó ti jẹun lọ́nà. Òun náà rò pé oúnjẹ ń dúró de òun nílé. Awakọ̀ rò pé ẹnì kan ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wá pàdé rẹ̀ rò pé yóò tẹ òun láago. Láàárín èrò méjì tí kò pàdé yìí ni ebi, òkùnkùn àti ewu ti ń bá èèyàn.

Nítorí náà, ìlànà kan ló gbé gbogbo orí ìwé yìí ró: bó ti wù kí ilé tí ẹ ń lọ lawọ́ tó, ẹ gbọ́ bùkátà ara yín lọ́jọ́ tí ẹ ń dé àti lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ.

Ẹni tó ti lọ sí ilé ìtura etí òkun tí wọ́n ń san owó kan ṣoṣo fún ohun gbogbo yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 1950 ni Gérard Blitz, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, pàgọ́ sétí òkun ní Alcúdia, ní erékùṣù Mallorca, tó sì bẹ̀rẹ̀ Club Med, níbi tí owó kan ṣoṣo ti kó ibùsùn, oúnjẹ àti eré pọ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ní Cap Skirring ní Sẹ̀nẹ̀gàl lónìí. Níbẹ̀ pàápàá, yàrá kì í sábà ṣí sílẹ̀ kí aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán tó lù, wọn a sì fẹ́ kí ẹni tó ń lọ ti jáde ní nǹkan bí aago mọ́kànlá tàbí méjìlá. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbá yàrá, kí ó sì pààrọ̀ aṣọ ibùsùn láàárín ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀. Ní Odo-Ape, kò sí ẹni tí yóò fi aago lé yín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà wà níbẹ̀. Ìyá ilé àtàwọn ọmọ rẹ̀ ló ń ṣe é, ó sì lè jẹ́ pé oko ni wọ́n ti dé lójijì nítorí yín.

OHUN TÍ Ẹ Ó KÓ DÁNÍ

Ẹ kó ohun wọ̀nyí sínú báàgì ọwọ́ kan tí kò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ má ṣe kó wọn sínú búùtù ọkọ̀, nítorí ohun tó bá wà nínú búùtù kò ní ṣeé mú nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀.

Omi mímu, ó kéré tán lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Oúnjẹ tí kì í tètè bàjẹ́: búrẹ́dì, ẹ̀pà, ìpékeré, ọsàn.

Tọ́ọ̀ṣì tí bátìrì rẹ̀ tuntun. Iná fóònù nìkan kò tó, nítorí fóònù náà lẹ ó fi pe ilé.

Páwà báǹkì tó kún.

Owó lọ́wọ́, kí púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ owó kéékèèké. Ẹ pín in sí ọ̀nà méjì: díẹ̀ nínú àpò, èyí tó pọ̀ níbòmíràn. Ẹ má gbọ́kàn lé POS pé owó yóò wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é lọ́sẹ̀ Kérésìmesì.

Oògùn tí ẹ ń lò, tó máa tó gbogbo ọjọ́ yín, pẹ̀lú ti ọjọ́ mẹ́ta sí i.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kan fún ibùsùn kan, àti ìpara tó ń lé ẹ̀fọn.

Ìwé pélébé kan tí ẹ fi ọwọ́ kọ: nọ́ńbà fóònù èèyàn méjì nínú ilé tí ẹ ń lọ, orúkọ agboolé, àti orúkọ àgbà ilé. Tí fóònù bá kú, ìwé yìí ló máa mú yín délé.

Káàdì ìdánimọ̀. Ẹni tó ń ti òkè òkun bọ̀ á fi ìwé ìrìnnà àti káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kún un. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí wọ́n bá gún abẹ́rẹ́ náà ni káàdì rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà ẹ má ṣe fi í di ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ wọkọ̀ òfuurufú.

Ìró kan tàbí aṣọ ìbora, sálúbàtà, ọṣẹ àti aṣọ ìnura. Ìró yìí á wúlò fún wíwẹ̀, fún òtútù ọyẹ́, àti fún ìkúnlẹ̀ kí àgbà.

Ẹ̀bùn ilé nìkan ni kí ẹ kó sínú búùtù: ìrẹsì, iyọ̀, ṣúgà, òróró, ọṣẹ ìfọṣọ, búrẹ́dì. Ẹ ra ohun tí ilé máa lò tán, kì í ṣe ohun tí wọ́n á gbé sórí sẹ́ẹ̀fù máa wò.

OHUN TÓ WÀ LỌ́RÙN ILÉ, OHUN TÓ WÀ LỌ́RÙN YÍN

Kí ẹ tó gbéra, ẹ pín ìnáwó yín sí ọ̀nà méjì lọ́kàn.

Ilé ló ni ibùsùn, oúnjẹ òwúrọ̀ àti ti alẹ́, omi ìwẹ̀, àti ẹni tí yóò mú yín kiri kí àwọn ẹbí. Ẹ má ṣe na owó sí wọn lójú gbogbo ayé, ìtìjú ni fún ẹni tó gbà yín.

Ẹ̀yin lẹ ni owó ọkọ̀ wá àti owó ọkọ̀ padà, omi mímu tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá, káàdì fóònù, oògùn, àti ohunkóhun tí ọmọ yín bá ń jẹ tí kì í ṣe oúnjẹ ilé. Ẹ̀yin lẹ tún ni ohun kan tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í rántí: bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀. Ilé tí kì í tan jẹnẹrétọ̀ ju wákàtí kan lọ á tàn án di ọ̀gànjọ́ nítorí pé àlejò wà. Ẹ bèèrè iye tí jálá kan ń lọ, kí ẹ sì rà á láìjẹ́ kí wọ́n bẹ̀ yín.

ỌJỌ́ DÍDÉ: ÌGBÉSẸ̀ LẸ́SẸẸSẸ

1. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ pe ẹni tó pè yín, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè márùn-ún. Èèyàn mélòó ni yàrá náà gbà? Níbo gan-an la ó ti sọ̀kalẹ̀, ta ni yóò wá pàdé wa níbẹ̀? Báwo ni ojú ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ yìí? Ṣé orò tàbí ọdún kan wà lọ́jọ́ tí a ń bọ̀ tí obìnrin tàbí àlejò kò gbọdọ̀ jáde sí? Kí ni ilé nílò tí kò sí ní Kábà? Ẹ sọ iye yín fún un ní òtítọ́. Tí ẹ bá wí pé ẹ jẹ́ méjì, tí ẹ wá dé ní márùn-ún, ẹnì kan nínú ilé yẹn á sùn sórí àga.

2. Ẹ yan ọ̀nà. Odo-Ape wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kábà/Bùnú ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Ẹni tó ń ti Àbújá bọ̀ á gba Lọ́kọ́já, á sì gba Obajana. Ẹni tó ń ti Èkó tàbí Ìbàdàn bọ̀ lè gba Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀ àti Ìkàré wọ Kábà, tàbí kí ó gba Ìlọrin, Òmù-Àrán àti Ẹ̀gbẹ̀. Èyí tó kúrú jù lórí àwòrán lè má jẹ́ èyí tó dára jù lọ́sẹ̀ tí ẹ ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tó gba ọ̀nà náà lánàá ni kí ẹ tẹ̀ lé.

3. Ẹ ka aago sẹ́yìn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fi ṣe àkókò tí ẹsẹ̀ yín gbọ́dọ̀ wọ ilé. Lóṣù Kejìlá, oòrùn a ti wọ̀ ní kété lẹ́yìn aago mẹ́fà, kò sì sí iná ojú pópó tó ń fi ọ̀nà oko han ènìyàn. Ẹ ti aago mẹ́rin ka wákàtí ìrìn yín padà, ẹ fi wákàtí méjì kún un fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ibẹ̀ lẹ ó ti mọ ìgbà tí ẹ máa gbéra. Tí ìṣirò náà bá bọ́ sí òru, a jẹ́ pé ìrìn ọjọ́ méjì ni. Ẹ sùn lọ́nà.

4. Ní gáréèjì, ẹ wo táyà ọkọ̀ àti ojú awakọ̀ kí ẹ tó san owó. Awakọ̀ tó ti wakọ̀ mọ́jú kò yẹ kó gbé yín. Ẹ kọ orúkọ yín sínú mánífẹ́ẹ̀sì, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹbí kan tó máa gbé fóònù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ àti àkókò tí ẹ gbéra ránṣẹ́ sí èèyàn méjì péré: ọ̀kan níbi tí ẹ ti ń bọ̀, ọ̀kan níbi tí ẹ ń lọ. Ẹ má gbé e sórí Facebook tàbí ojú WhatsApp pé ẹ wà lọ́nà. Ẹ fi àwòrán pamọ́ dìgbà tí ẹ bá padà.

5. Lójú ọ̀nà, ẹ ṣọ́ra fún àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó sìmẹ́ńtì ní Obajana. Ọ̀nà kọnkéré tó ti Obajana wá sí Kábà, tó tó 43 kìlómítà, tẹ́jú dáadáa, títẹ́jú rẹ̀ ló sì ń mú awakọ̀ sáré jù. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún awakọ̀ pé kó rọra. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn èrò yòókù bá yín sọ ọ́. Tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, 122 ni nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, 112 sì ni nọ́ńbà pàjáwìrì gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹ fi méjèèjì sínú fóònù kí ẹ tó kúrò nílé.

6. Tí aago márùn-ún bá lù, tí ẹ kò tíì kúrò ní Kábà, ẹ má lọ mọ́. Ẹ wá ibi tí ẹ máa sùn nílùú, kí ẹ pe ilé pé ó di òwúrọ̀. Wọ́n á bínú díẹ̀ nítorí ọbẹ̀ tí wọ́n ti sè, ìbínú náà á sì tán nígbà tí wọ́n bá rí yín. Nígbà kan, mo kọ etí dídi sí ìmọ̀ràn yìí, mo gun ọ̀kadà lálẹ́ pẹ̀lú ẹrù lórí itan, mo sì dé ilé ní aago mẹ́sàn-án. Kò sí ohun tó ṣe mí. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin méjì ti gbé tọ́ọ̀ṣì jáde wá mi kiri, ìyá wọn sì dúró lẹ́nu ọ̀nà láìjókòó títí wọ́n fi padà. Ewu tí mo gbà fún ara mi, mo gbé e lé wọn lórí pẹ̀lú.

7. Tí ẹ bá wọ agboolé, ẹ kí àgbà kí ẹ tó sọ ẹrù. Ìkíni ilẹ̀ yìí, “Okun o”, ni wọ́n fi ń pe gbogbo àwọn ará Okun, láti Kábà títí dé Yàgbà. Ẹ kí wọn bẹ́ẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ tàbí kó tẹrí ba gidi. Ẹ má na ọwọ́ sí àgbà pé ẹ fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹ dúró kí wọ́n bi yín léèrè ilé, iṣẹ́ àti ọmọ; ẹ dáhùn, kí ẹ sì béèrè tiwọn. Ìkíni yìí lè gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àkókò náà ni ilé fi ń rí àyè gbá yàrá yín.

8. Wọ́n á gbé omi fún yín. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kí ẹ dúpẹ́. Tí ara yín kò bá tíì mọ omi ìlú, ẹ gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín jẹ́jẹ́, kí ẹ máa mu ti inú báàgì. Ẹ má ṣe gbé omi náà padà, ẹ má sì ṣàlàyé nípa kòkòrò níwájú ẹni tó pọn ọ́n.

9. Nígbà tí ojú ọjọ́ ṣì mọ́lẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ṣáláńgá, ibi ìwẹ̀ àti ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ hàn yín. Ẹ rìn ín lẹ́ẹ̀kan. Lóru, ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀, nítorí ejò fẹ́ràn ẹ̀bá igi ìdáná àti koríko. Ẹ so nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kó tó di aago mẹ́fà.

10. Ẹ wá ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Tí ó bá wà nínú ilé, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí lábẹ́ fèrèsé yàrá ẹnikẹ́ni, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé e jáde sí gbangba, jìnnà sí fèrèsé. Ohun tó ń pani nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Ẹni tó bá sùn tì í kì í mọ̀ kó tó pa á. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú orí ìwé yìí, èyí nìkan ni kí ẹ má ṣe tìtorí ìtìjú dákẹ́ lé lórí. Tí wọn kò bá gbé e jáde, ẹ ní kí wọ́n pa á kí gbogbo ilé tó sùn.

11. Ẹ retí oúnjẹ ọjọ́ àkọ́kọ́ ní alẹ́. Wọ́n á bó iṣu, wọ́n á sè é, wọ́n á gún un, ó sì lè jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n rí yín ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá iná. Ẹ jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀pà yín lọ́nà, kí ebi má baà hàn lójú yín. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ náà dé, ẹ jẹ nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ kéré.

12. Ẹ kó ẹ̀bùn fún ìyá ilé lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tí èrò bá ti dínkù. Ẹ̀bùn àgbà ilé yàtọ̀. Ẹni tó pè yín ni kí ó mú yín lọ fún un. Ẹ̀bùn tí ẹ bá pín ní gbangba á sọ ìyá ilé di ẹni tó ń ṣàlàyé fún aládùúgbò ìdí tí tiwọn kò fi sí níbẹ̀.

Ìlànà kan kù fún alẹ́ náà. Tí wọ́n bá ní kí ẹ má jáde nítorí orò, ẹ wọlé, ẹ ti fèrèsé, kí ẹ má ya àwòrán. Ẹ kò ní láti gba ohun tí ìlú gbà gbọ́ kí ẹ tó pa òfin rẹ̀ mọ́.

ỌJỌ́ LÍLỌ: ÌGBÉSẸ̀ LẸ́SẸẸSẸ

1. Ọjọ́ lílọ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ẹ sọ fún ilé nígbà náà pé ẹ ó lọ, kí ẹ sọ aago rẹ̀. Ilé kò fẹ́ kí àlejò lọ lọ́wọ́ òfìfo: ẹnì kan ní láti lọ wa iṣu, ẹnì kan ní láti wá ike epo. Tí ẹ bá jí lọ́jọ́ kan tí ẹ ní ẹ ń lọ, ẹ fi wọ́n sínú ìsáré, tàbí kí wọ́n lọ yá ohun tí wọ́n máa fún yín.

2. Ẹ ṣètò ọkọ̀ kí ẹ tó sùn ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ lílọ. Ẹ gba nọ́ńbà awakọ̀ tàbí ọlọ́kadà, kí ẹ sọ iye tí ẹ máa san. Ẹ má ṣe retí pé ẹ ó kàn dúró sẹ́bàá ọ̀nà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ọdún tuntun, kí ọkọ̀ sì kọjá.

3. Ẹ má fi ọjọ́ tí ẹ kúrò ní Odo-Ape ṣe ọjọ́ tí ẹ máa wọ bàálù. Láti Lọ́kọ́já sí Àbújá nìkan tó nǹkan bí 200 kìlómítà, pápákọ̀ òfuurufú a sì fẹ́ kí ẹni tó ń lọ sí òkè òkun ti dé ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú. Ẹ sùn sí Àbújá ní alẹ́ tó ṣáájú bàálù. Tó bá jẹ́ oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, ẹ fi ọjọ́ kan sí i kún un. Lọ́dún 2012 àti 2022, omi odò Ọya kún bo ọ̀nà Lọ́kọ́já sí Àbújá, àwọn arìnrìn-àjò sì há sójú ọ̀nà.

4. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, ẹ lọ dágbére fún àgbà ilé. Ẹ má fi í di òwúrọ̀. Àdúrà àgbà kì í yá, kò sì yẹ kí ẹ máa wo aago nígbà tí wọ́n bá ń wúre fún yín. Tí ẹ bá ti gba ìre lálẹ́, ìkíni kúkúrú ló kù fún òwúrọ̀.

5. Ẹ san gbogbo gbèsè kéékèèké kí ilẹ̀ tó ṣú: ọmọ tó pọnmi, ẹni tó fọṣọ, ọlọ́kadà tó ní kí ẹ má ṣe ìyọnu. Ẹ tún bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín bóyá wọ́n gba nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù kan lórúkọ ilé.

6. Ẹ fi owó sílẹ̀ fún ìyá ilé. Wọn ò ní dárúkọ iye kankan fún yín, nítorí náà ìṣirò wà lọ́wọ́ yín. Ẹ wo iye tí iṣu, ẹran àti epo ń lọ lọ́jà, kí ẹ fi iye ọjọ́ àti iye èèyàn yín sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ fi í sínú àpòòwé, kí ẹ fún un ní kọ̀rọ̀. Ẹ má pè é ní owó oúnjẹ. Ẹ ní kó fi ra ọṣẹ. Yóò kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó lè kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi í sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Tí ọkọ rẹ̀ ló pè yín, ẹ má rò pé ohun tí ẹ fún ọkọ ti kárí. Ìyá ilé ló ra ata.

7. Ẹ gba ẹ̀bùn tí wọ́n bá fún yín, kí ẹ sì ronú nípa bí ẹ ṣe máa gbé e. Ẹ fi ọ̀rá méjì wé ike epo pupa, kí ẹ gbé e dúró sí ibi tí kò ní ṣubú. Ẹni tó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ kó ẹran tàbí wàrà láti Nàìjíríà, bó ti wù kó gbẹ tó, ìgbà púpọ̀ ni wọ́n sì ń béèrè ìwé ẹ̀rí fún èso àti iṣu tútù. Amẹ́ríkà kò gba ẹran ìgbẹ́ rárá. Ẹ má ṣe kọ ẹran náà lójú ẹni tó yan án fún yín. Ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́, kí ẹ fún ẹbí yín ní Àbújá tàbí Èkó.

8. Tí wọ́n bá fún yín ní aṣọ híhun, ẹ mọ̀ pé ohun ńlá ni. Àwọn obìnrin Bùnú ti hun aṣọ lórí òfì ìdúró láti ìgbà pípẹ́, wọ́n sì hun irú tó jẹ́ ti ìyàwó àti irú tó jẹ́ ti òkú. Aṣọ pupa tí wọ́n ń pè ní aṣọ ìpò jẹ́ ti ìsìnkú àwọn olóyè àti ti egúngún. Ẹ má bèèrè rẹ̀ ní rírà láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ ilé. Ẹni tó bá ń tà á fún yín ní kọ̀rọ̀ lè máa ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

9. Ní òwúrọ̀, ẹ ká aṣọ ibùsùn jọ, kí ẹ tú nẹ́ẹ̀tì yín, kí ẹ gbálẹ̀. Ẹ wo abẹ́ ibùsùn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àti orí okùn ìsáṣọ. Ẹ ka fóònù, ìwé ìrìnnà àti oògùn jáde lójú ara yín kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀.

10. Ẹ gbéra nígbà tí ojú bá ti mọ́ dáadáa, ní nǹkan bí aago méje. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi aago mẹ́rin ìdájí tàn yín pé ọ̀nà dá. Ọ̀nà tó dá yẹn gan-an ni kò sí ẹni tí yóò rí yín níbẹ̀ tí nǹkan bá ṣe yín. Ẹ gba àkàrà tàbí iṣu tí wọ́n bá dì fún yín, kí ẹ sì ra omi yín.

11. Ẹ má dá oògùn ibà dúró lọ́jọ́ tí ẹ lọ. Ẹni tó ń lo atovaquone-proguanil á máa lò ó fún ọjọ́ 7 lẹ́yìn tó bá ti kúrò, ẹni tó ń lo doxycycline á lò ó fún ọ̀sẹ̀ 4. Tí ara bá gbóná láàárín oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ padà sí òkè òkun, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ lọ sí Nàìjíríà. Dókítà Lọ́ńdọ̀nù tí kò mọ ibi tí ẹ ti dé lè máa wá òtútù kiri nígbà tí ibà ń jà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí ìlú tẹ́ ẹ ti pẹ́ lókè òkun, ẹ fi etí sí èyí jù: agbára tí ara yín ní lòdì sí ibà nígbà èwe kò dúró dè yín.

ÀṢÌṢE TÓ WỌ́PỌ̀

Kí ẹ dé láìpe ilé, kí ẹ lè yà wọ́n lẹ́nu. Ìyàlẹ́nu yín á di ìgbésẹ̀ kíákíá fún ẹni tí agbára rẹ̀ ti tán láti oko.

Kí ẹ fi ọjọ́ lílọ kún ọjọ́ lílọ, ọjọ́ kan, ọjọ́ kejì, nítorí pé ilé ń bẹ̀ yín. Ẹ̀bẹ̀ “ẹ ṣì dúró” jẹ́ ọ̀wọ̀. Ẹ wo ìkòkò àti ojú ìyá ilé kí ẹ tó gbà.

Kí ẹ máa sọ bí nǹkan ṣe rí ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí omi bá tán tàbí tí iná bá lọ.

Kí ẹ ṣèlérí níwájú àwọn ọmọ pé ẹ ó fi fóònù tàbí bàtà ránṣẹ́. Ọmọ kì í gbàgbé, ìyá rẹ̀ ló sì máa gbọ́ ẹkún náà.

Kí ẹ fi gbogbo owó yín tán kí ọjọ́ lílọ tó dé. Owó ọkọ̀ padà gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀tọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, nínú àpò tí ẹ kò ní ṣí.

Kí ẹ délé, kí ẹ sì dákẹ́. Èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun ló sì ń dunni jù. Láti ìgbà tí ọkọ̀ yín ti ṣí ni ilé ti ń ka wákàtí: wọ́n á ti dé Lọ́kọ́já báyìí, wọ́n á ti kọjá Ìkàré. Tí ilẹ̀ bá ṣú láìsí ìpè, kò sẹ́ni tó máa sùn dáadáa nínú agboolé náà. Kí ẹ tó tú ẹrù, kí ẹ tó wẹ̀, kí ẹ tó gbé iṣu tí wọ́n fún yín sílẹ̀, ẹ pe ìyá ilé, ẹ ní ẹ ti délé láyọ̀. Ìgbà tó bá gbọ́ ohùn yín ni iṣẹ́ àlejò rẹ̀ parí, tiyín náà sì parí.